Kí ni Ìdílé Fi Dógò? Ìwọ̀fà, Ilé-Ìwé Ọ̀fẹ́ àti Òṣì Àjogúnbá ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní fún ohun tí ẹni tí ó fẹ́ yáwó ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ó fi sílẹ̀, a ní ó fi í ṣe ìwọ̀fà. Bí ó bá jẹ́ nǹkan, ìbáà ṣe aṣọ, oko tàbí igi ọ̀pẹ, a ní ó fi í dógò. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni iṣẹ́ yìí gbà wo ìtàn òṣì àjogúnbá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìyẹn òṣì tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́, tí ọmọ náà sì tún fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Àbá tí ó gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ni ó ń sọ òṣì di ogún, bí kò ṣe irú ohun tí ìdílé fi dúró lọ́jọ́ tí ìnáwó bá ká wọn mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni wọ́n fi dúró, tàbí ohun tí ọmọ ìbá jogún, ìran tí ń bọ̀ ti wọ gbèsè kí wọ́n tó dé.

Apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà, kí ènìyàn tó dé etí omi níbi tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó sí. Òkìtìpupa, Ìkọ̀yà, Igbótako, Ìlú-Títun, Òde-Ayè àti Òde-Ìrèlè wà lára àwọn ìlú rẹ̀. Ní ayé ìjọba àmúnisìn àti ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Òkìtìpupa ni ibùjókòó ìṣàkóso fún Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpóì àti àwọn Ìjọ́ Arógbò. Ilẹ̀ òjò ni. Ọ̀pẹ ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, ẹ̀gẹ́ sì ń ta dáadáa. Gààrí àti púpurú tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ná ọjà agbègbè náà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: báwo ni òṣì ṣe lè di ogún níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n?

Ìwọ̀fà: Gbèsè tí Kì í Dín

Ìdáhùn fara pamọ́ sínú ìbéèrè náà. Níbi tí ilẹ̀ bá pọ̀, tí ó jẹ́ ti ẹbí, tí a kì í sì í tà á, olówó kò ní ohun tí yóò fi ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣe. Ohun tí ó wọ́n ni ọwọ́ tí yóò ro ilẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ni olówó ń béèrè kí ó tó yọ owó sílẹ̀, ọwọ́ ọmọ ni ó sì sábà máa ń yá òbí jù láti fi sílẹ̀. Bí àtijọ́ ṣe rí nìyí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé tí Tóyìn Fálọlá àti Paul Lovejoy jọ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1994 sì fi hàn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Áfíríkà.

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣe àlàyé ètò náà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí inú ìlú ni, ó ní ẹbí, ó sì ní ẹ̀tọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé orí owó. Àgbàlagbà tí ó bá fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà a máa fi òwúrọ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó, a sì fi ìyókù ọjọ́ ṣe tirẹ̀. Ọmọdé ní tirẹ̀ a lọ máa gbé nílé olówó, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ a sì di ti olówó. Bí olówó bá fẹ́ ìwọ̀fà obìnrin sílé, owó tí a yá a di owó ìyàwó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín owó tí a yá kù. Bàbá tí ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ṣì jẹ gbogbo owó náà lẹ́yìn ọdún kẹwàá, bí ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Bí kò bá rí i san títí ó fi kú, gbèsè náà di ti àwọn ọmọ. Òkú rẹ̀ pàápàá yóò tún béèrè ìnáwó, bẹ́ẹ̀ ìnáwó òkú wà lára ohun tí ó ń sún ènìyàn sí ìwọ̀fà, pẹ̀lú àìsàn, ìgbéyàwó, owó ìtanràn àti, nígbà tí ó yá, owó-orí. Gbèsè kan bẹ̀rẹ̀ sí í bí òmíràn.

Ohun mìíràn wà tí owó kò lè dá padà. Ọmọ tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ro oko olówó kò ro ti bàbá rẹ̀. Kò gbin igi, kò kó irè jọ, ìgbà tí ó yẹ kí ó gbéyàwó a sì sún síwájú. Nígbà tí a bá rà á padà, yóò dé inú ilé tí kò sí ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tí ó ti lọ. Ilẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún tí a ìbá fi lò ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí òṣì ṣe di ogún níbi tí ilẹ̀ pọ̀ nìyí: ìdílé ní ilẹ̀, wọn kò ní ọwọ́ ara wọn.

Àwọn kan lè sọ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ìyà nìkan, pé ó jẹ́ ọ̀nà tí aláìní fi ń rí owó nígbà tí kò sí báńkì, àti pé olówó rere a máa tọ́ ìwọ̀fà rẹ̀ bí ọmọ. Òtítọ́ ni. Ètò tí kò bá ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bóyá ìwọ̀fà wúlò ni à ń béèrè níhìn-ín, bí kò ṣe ta ni ó san owó ìwúlò náà. Bàbá ni ó gba owó. Ọmọ tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń ná an ni ó san án.

Láàrin àwọn ọdún 1920 sí 1940, àwọn aláṣẹ ìjọba àmúnisìn gbógun ti ìwọ̀fà, pàápàá ti ọmọdé, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àkókò náà gan-an ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, tí owó epo àti ẹ̀kùrọ́ já wálẹ̀. Òfin lè ní kí a má fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà mọ́, ṣùgbọ́n òfin kò pèsè owó tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Ìdílé ní láti wá ohun mìíràn fi dúró.

Láti Orí Ọmọ dé Orí Ọ̀pẹ

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọ̀pẹ wà nítòsí láti fi rọ́pò ọmọ. Àwọn Urhobo ti ń ti apá ìlà-oòrùn wá sí agbègbè Òkìtìpupa láti wá kọ ọ̀pẹ kí wọ́n sì fọ epo. Onigu Otite, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣe ìwádìí lórí wọn, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1979. Ó fi hàn pé àwọn àtìpó yìí wà lára àwọn tí ó mú ìdàgbàsókè bá ìgbèríko tí wọ́n wá. Àwọn ẹbí tí ó ni ilẹ̀ ń fún wọn ní igbó ọ̀pẹ, àwọn náà sì ń san owó fún un lọ́dọọdún.

Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí mú wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdílé lè rí owó láìfi ọwọ́ ọmọ sí i. Igi ni ó ń ṣiṣẹ́, àlejò ni ó ń gùn ún, ọmọ sì wà nílé. Bí ìnáwó ńlá bá sì dé, a lè fi igi tàbí oko dógò fún ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́. Òfin ìbílẹ̀ dáàbò bo irú ìdógò bẹ́ẹ̀: ìdógò kì í di títà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ọmọ-ọmọ ẹni tí ó fi oko dógò lè mú owó náà wá kí ó sì gba oko padà, ilé-ẹjọ́ ní Nàìjíríà sì ti fi ọwọ́ sí ìlànà yìí. Oko ṣeé rà padà pẹ̀lú gbogbo igi rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ìgbà èwe kò ṣeé rà padà.

Síbẹ̀, àrùn tí ó wà lára ìwọ̀fà wà lára ìdógò náà. Èso orí igi ni èlé. Owó tí a yá kò dín. Ẹni tí oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ká èso lọ́dọọdún, bàbá tí ó ni oko sì ń wo ojú owó tí kò yẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá ń gba owó ilẹ̀ nìkan kì í mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú ilẹ̀ náà. Ìmọ̀ epo fífọ̀, ọ̀nà ọjà rẹ̀ àti èrè tí ó wà nínú gbígbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ńlá di ti àwọn tí ó ń ṣe é. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Urhobo, tí wọ́n fi òógùn ojú wọn jẹun. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé ìdílé tí ó ti fi ọmọ sílẹ̀ rí tún lè wà nínú òṣì lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé owó ìlò ilẹ̀ nìkan ni ó ń tọ́ wò lára ọrọ̀ ilẹ̀ náà.

1955: Ìjọba Ṣe Onígbọ̀wọ́

Ní July 1952, S. O. Awókòyà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀. Adékúnlé Ajáṣin ni ó ti kọ ìwé tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà. Owó-orí tuntun tí ìjọba bù lé àwọn ará ìlú nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí ọ̀pọ̀ nínú, ẹgbẹ́ NCNC sì fi ẹ̀yìn Action Group balẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò tìtorí èyí yẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 17, oṣù January, 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti bíi 456,000 ní 1954 sí bíi 811,000 ní 1955.

Wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìmọ̀ tí ó lé òkùnkùn lọ. Bí a bá fi ojú gbèsè wò ó, ohun mìíràn yóò hàn. Kí 1955 tó dé, owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìnáwó tí ó lè sọ ìdílé di ajigbèsè. Bàbá tí ó fẹ́ kí ọmọ kan kàwé lè fi oko dógò, tàbí kí ó pinnu pé ẹyọ kan ni yóò lọ, tí ìyókù yóò dúró sóko, àwọn ọmọbìnrin sì ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́yìn. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé ó gba ipò onígbọ̀wọ́. Ó pín owó ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan lé gbogbo ẹni tí ń san owó-orí lórí, àti lé èrè kòkó ẹkùn náà lórí. Aláìní kò ní láti fi ohunkóhun dógò kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ìwé kà.

Àǹfààní rẹ̀ kò dúró lórí ọmọ kan. Ẹni tí ó jáde tí ó di tíṣà, akọ̀wé tàbí nọ́ọ̀sì ni ó ń san owó ìwé gírámà fún àbúrò rẹ̀, àbúrò náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀nà tí gbèsè ń gbà láti òkè wá sísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ wá ń gbà. Nígbà tí Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, ó sọ ilé-ìwé gírámà náà di ọ̀fẹ́, ẹrù àwọn ẹ̀gbọ́n sì fúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òfin tí ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Òkìtìpupa jáde ní 2008, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Àgàgù, ọmọ Ìjù-Odò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì náà ń jẹ́ lónìí.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kọ́ ọmọ, kò kọ́ oko. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi pọ̀ ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ láti nǹkan bí 1959, ó sì fi ti orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ṣe àwòkọ́ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé lè padà sóko. Owó ńlá ni ètò náà gbà, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó mọ ìwé gba Èkó, Ìbàdàn àti Oǹdó lọ. Àwọn òbí tí ó kù sílé di arúgbó lórí ilẹ̀ tí ọwọ́ wọn kò ká mọ́.

Ayétòrò: Ìdáhùn Mìíràn Nítòsí

Ní etí òkun, lábẹ́ ìṣàkóso Òkìtìpupa kan náà, àwọn Ìlàjẹ kan ti dá irú onígbọ̀wọ́ mìíràn sílẹ̀ kí ìjọba tó dá tirẹ̀. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú Ayétòrò dó. Ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́. Ìlú ni ó ń bọ́ ènìyàn, tí ó ń wọṣọ fún un, tí ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Ẹja pípa àti ọkọ̀ ojú omi kíkàn wà lára iṣẹ́ wọn, ìlú náà sì là débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ohun tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ohunkóhun dógò, kò sì sí ọmọ tí ó lè jogún gbèsè.

Stanley Barrett, tí ó kọ ìwé lórí Ayétòrò ní 1977, sọ bí ìlú náà ṣe yí padà ní 1968, nígbà tí wọ́n gbà kí oníkálukú máa ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, àti bí ọrọ̀ rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ayétòrò àti ètò 1955 jọ ń sọ ohun kan náà: òṣì kì í di ogún níbi tí ohun tí ó tóbi ju ìdílé lọ bá ti dúró fún ìdílé. Wọ́n sì jọ fi hàn pé ọjọ́ tí onígbọ̀wọ́ náà bá yẹ̀, ẹni tí kò ní ohun ìní tirẹ̀ yóò ṣubú.

Ojú Ènìyàn Gẹ́gẹ́ bí Ìdógò

Onígbọ̀wọ́ yẹ̀ lóòótọ́. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1986 ba agbára náírà jẹ́, ó sì dí ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba. Ìwé-ẹ̀rí, tí ó ti dà bí ogún tuntun fún ọmọ aláìní, kò mú owó wálé mọ́ bí i ti tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà kò sì rọrùn láti lò. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, báńkì sì ń béèrè ìwé tí ẹbí tí ó jogún oko kì í sábà ní. Bàbá àgbà lè fi igbó ọ̀pẹ dógò lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè fi í yáwó ní báńkì.

Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni ti àwọn báńkì kéékèèké, tí Báńkì Àpapọ̀ ṣe ìlànà fún ní 2005. Wọ́n máa ń yá àwọn obìnrin ní owó ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ a sì dúró fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Wọn kì í béèrè ọmọ, wọn kì í béèrè ilẹ̀. Ohun tí obìnrin fi ń dógò níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èsúsù, tí William Bascom kọ̀wé lé lórí ní 1952, náà dúró lórí ojú, ṣùgbọ́n kò sí èlé lórí rẹ̀: iye tí ènìyàn dá ni yóò kó. Owó báńkì ní èlé, wọn a sì máa san án padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ń lo nǹkan bí ọdún kan nínú ilẹ̀. Púpurú fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kí a bó ẹ̀gẹ́, kí a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a mọ ọ́n, kí a sì yan án lórí èéfín kí ó tó dé ọjà. Ẹni tí ó ń san gbèsè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí irú iṣẹ́ báyìí lè ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú kí ó tó tó wú, tàbí kí ó pe ọmọ kúrò ní kíláàsì wá bó ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ti rí báyìí, ọwọ́ ọmọ ti padà sídìí gbèsè, bí a kò tilẹ̀ pè é ní ìwọ̀fà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti wá ọ̀nà láti ya ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè òbí. Mẹ́síkò fún ìdílé aláìní ní owó láti 1997 títí di 2019, Bràsíl sì ń fún wọn láti 2003, kí ọmọ wọn lè dúró ní ilé-ìwé. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú ₦5,000 lóṣù, owó tí ọ̀wọ́n ọjà tètè gbé mì. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015 lórí orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà wà lára wọn, lọ síwájú sí i. Wọ́n fún àwọn tí ó tòṣì jù ní ohun ìní bí ẹran ọ̀sìn, wọ́n kọ́ wọn ní bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n fún wọn ní owó oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa fi owó pamọ́. Lẹ́yìn tí ètò náà parí, ìgbé-ayé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òpìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ní ṣàì rí ìdí rẹ̀: wọ́n fún aláìní ní ohun tí ó lè fi dúró kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìtàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fi ìdí òwe náà múlẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ hàn: ọmọ tí a kọ́ lè padà dé kí ó bá ilé tí a ti fi dógò. Ìwọ̀fà gba ọmọ, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìdógò ọ̀pẹ dá ọmọ sí, ó gba èrè ilẹ̀. Ètò 1955 dá ọmọ nídè, kò mú ilẹ̀ náà mọ́ra. Ìgbà kọ̀ọ̀kan yanjú ìdajì ọ̀ràn, ìdajì kejì ni òṣì sì gbà padà wọlé.

Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ tí ó bá fẹ́ fi òpin sí òṣì àjogúnbá ní láti di ìdajì méjèèjì mú pọ̀. Kí ọmọ lè kàwé láìsí pé òbí fi oko dógò. Kí ẹbí ní ìwé lórí ilẹ̀ wọn, kí ẹ̀rọ epo àti ti ẹ̀gẹ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń lò ó. Kí sísan gbèsè bá ìgbà ìkórè mu. Fún àwọn olùwádìí, iṣẹ́ tí ó kù pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, nínú ìwé àdéhùn oko àti lẹ́nu àwọn àgbà tí ó rántí ẹni tí ó ra àwọn òbí wọn padà àti iye tí ó ná an. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa gbé lọ bá ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kò ju mẹ́ta lọ: kí ni wọ́n fi dúró, ta ni ó ń san èlé rẹ̀, ǹjẹ́ ó sì ṣeé rà padà?